Wáyà Tó Gba Ojú Fèrèsé Pálọ̀

Òórùn pákó fèrèsé tí òjò ti rin àti òórùn òrí tí à ń fi ra ọmọ tuntun lára ni mo fi ń rántí pálọ̀ bàbá ọkọ mi n'Íkìrun. Ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú àkọ́bí mi, nígbà tí abọ́ sátẹ́láìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Oorun kì í dá lójú mi nígbà náà. Gbogbo nǹkan ń kọjá lọ bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ omi.

Ọdún tí bàbá fẹ́ lọ Mẹ́kà gan-an ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn rọ. Ọkọ mi wá ra abọ́ kan, kí wọ́n lè fojú rí Àráfà, òkè tí àwọn alálàájì máa ń dúró sí, ó kéré tán. Ìjọ Onítẹ̀bọmi l'Ókukù ni wọ́n ti tọ́ mi. Mi ò mọ Àráfà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó ń retí nǹkan.

Àárọ̀ ọjọ́ Àráfà ni ẹni tó máa so ó dé láti Ìnísà. Ògiri wa, amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ni; bí wọ́n bá lu ú, á ya. Fèrèsé ló kù, pákó rẹ̀ sì ti wú, abẹ́rẹ́ ò lè gba ibẹ̀. Ọkùnrin náà ní ká kúkú ṣí i sílẹ̀ díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dìde. “Kí atẹ́gùn wọ ọmọ mi lára nítorí tẹlifíṣọ̀n? Ẹ ò ní ṣe é.”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” bàbá sọ láti orí àga. “Ọmọ ló nilé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí ògiri.

Èyí ni mi ò lè gbà. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀bẹ fá etí pákó. Bí wáyà bá wọlé tán, a ó dí ìyókù.”

“Ìyàwó, ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ o.”

Ọkùnrin náà fá a, ó gé orí wáyà kúrò kó tó lè kọjá, mo sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti inú ilé, ọmọ lẹ́yìn mi.  Ìyá ọkọ mi fa etí ìró ara wọn ya, wọ́n ń fi ìdí ṣíbí kì í bọ àlàfo náà bí ẹni ń ki okùn bọ ìdí ṣòkòtò, wọ́n wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ṣì ń wọlé.

Iná ọba ò lọ lọ́jọ́ náà. Funfun kún ojú tẹlifíṣọ̀n, èrò bíi oko òwú. Mo gbé ọmọ lé bàbá nítan, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá a mú, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà títí.

“Wọ́n mà pọ̀ o. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò ní mọ̀ pé mi ò wá.”

“Àwa mọ̀ pé ẹ wà níbí,” ìyá ọkọ mi fèsì láìwẹ̀yìn.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé nínú ilé kan, àfi kí ẹnì kan pàdánù kí ẹlòmíràn tó rí tirẹ̀ gbà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ilé lè gba arúgbó àti ọmọ ọwọ́ pọ̀, bí ẹnì kan bá ṣáà gbà láti fa ìró ara rẹ̀ ya.