Ọjọ́ Tí Mo Fi Òògùn Kòkó Wẹ Ajá

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí bàbá mi gbé ọmọ ajá kan wá fún ìyá wọn ní Aramọkọ. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ni mo ń gbé. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Ìjerò. Ibẹ̀ ni àwọn àti ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wà. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Yèyé kí Yèyé má baà máa dá gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọ́ ọ rí kí Yèyé sọ pé ìdágbé ń yọ àwọn lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni bàbá mi máa ń wọ lọ́rì wá, wọn a sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Inú agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó adìẹ ni ọmọ ajá náà wà nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Pupa rúsúrúsú ni, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan nà, èkejì wó. Bàbá mi ní kí ó máa ṣọ́ ilé nígbà tí Yèyé bá wà lóko, torí àwọn kan ti ń jí ewúrẹ́ kó ládùúgbò. Yèyé wò ó, wọ́n wo bàbá mi.

“Ajá kì í wọ ulé mi,” ni wọ́n wí. Bí Yèyé ṣe ń pe ilé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe iṣu ní uṣu.

“Kò níí wọlé, Yèyé. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa gbé.”

“Ta ni yóò máa bọ́ ọ?”

Bàbá mi nawọ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

Bàbá mi sọ ajá náà ní orúkọ gígùn kan tó jẹ́ odindi gbólóhùn, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Yèyé kò pè é rí. “Ìwọ yìí” ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì yá, ajá náà gbà pé orúkọ òun nìyẹn.

Ní òwúrọ̀, kí n tó lọ sílé-ìwé, màá gbé iyán àná tó ti gan, màá fi omi gbígbóná rún un títí yóò fi rọ̀, màá sì bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ lé e. Abọ́ ìrin kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó ni mo fi ń gbé e fún un. Bí ẹja bá wà nínú ọbẹ̀ alẹ́, èmi ni mo ni orí rẹ̀. Màá jẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ajá á gba ìyókù. Yèyé kò gbà kí n fún un ní egungun adìẹ. Wọ́n ní ó máa ń há ajá lọ́fun. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ nígbà tí wọn kò sin ajá rí. Wọ́n ní kí n lọ gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ń mú un lọ sí odò, mo ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti ṣan án tán, á gbọn ara rẹ̀ sí mi lára, á sá lọ yí nínú iyẹ̀pẹ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí kò ni mí lára. Eégbọn ló ni mí lára.

Bàbá mi ní kí ajá náà máa ṣọ́ ilé, ṣùgbọ́n bí Yèyé bá ti gbé agbọ̀n oko báyìí, ó ti wà lẹ́yìn wọn. Inú igbó kòkó ló ti ń kó eégbọn bọ̀. Wọ́n wà nínú etí rẹ̀, lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n tóbi bí ẹ̀wà. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí n máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa jù wọ́n sínú agolo tí mo bu kẹrosíìnì sí. Bí mo ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń fo okùn níwájú ilé kejì. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iye ìgbà tí wọ́n fò, mo sì máa ń mọ ẹni tó ṣubú láìwo ẹ̀yìn.

Lọ́dún kejì tí ajá náà dé, òògùn tí wọ́n fi ń fín igi kòkó kù díẹ̀ nínú agolo kan. Ẹ̀yìn ààrò ni wọ́n gbé e sí. Mo ti bá Yèyé lọ sóko lọ́jọ́ tí wọ́n ń fín in, mo sì ti rí bí kòkòrò ṣe ń já bọ́ lára igi. Mo rò ó nínú ara mi pé ohun tó pa kòkòrò orí igi, kò sí ìdí tí kò fi ní í pa eégbọn.

Ọjọ́rú kan ni. Yèyé ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bu òògùn náà sínú omi nínú garawa. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló funfun bí omi ògì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo fa ajá náà mọ́ra. Kò jà. Ọwọ́ mi kò ṣe é níbi rí, kò sì ní ìdí tí yóò fi bẹ̀rù rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bu omi náà lé e lórí, mo fi pa ẹ̀yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀, abẹ́ etí rẹ̀. Kò pẹ́, eégbọn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo da ìyókù omi náà nù, mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo sáré lọ fo okùn.

Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Yèyé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gbogbo ohùn ni wọ́n fi pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ajá náà ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ funfun ń ho lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. Yèyé dúró lé e lórí pẹ̀lú aṣọ ìpàdé lọ́rùn.

“Kí ló ṣe é?”

“N ò mọ̀, Yèyé.”

“Kí lo fún un jẹ?”

“Iyán ni.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ajá náà, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn.

“Kí lo fi wẹ̀ ẹ́?”

“Ọṣẹ ni.”

“Irú ọṣẹ wo ló ń rùn báyìí?”

Ẹkún ti gba ẹnu mi. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ààrò. Mo wá di ojú, mo ń retí ìgbájú, ṣùgbọ́n kò dé.

“Lọ pọn omi wá,” ni Yèyé wí. “Ẹkún kọ́. Sáré.”

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ sí odò. Yèyé ká aṣọ sókè, wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ kòtò kan kí omi máa wọ̀ ọ́, kí adìẹ má baà mu ún, wọ́n wá ń fi ọṣẹ dúdú fọ ajá náà, wọ́n ń ṣan án, wọ́n tún ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ìwọ yìí, má lọ o. Ìwọ yìí, gbọ́ mi.” Nígbà tí wọ́n ṣan án lẹ́ẹ̀kẹta tán, wọ́n yíjú sí mi.

“Ó yá, ìwọ náà, bọ́ aṣọ yẹn.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ọwọ́ ta lo fi wẹ ajá?”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ mi. Yèyé fi kànrìnkàn ha mí láti ọmọ ìka dé èjìká, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka. Ó ń ta mí, ṣùgbọ́n wọn kò dẹwọ́.

“Ṣé o ti jẹ nǹkan kan láti ìgbà náà?”

“Rárá, Yèyé.”

“O ò fọwọ́ kan ẹnu?”

“Rárá.”

“Wò mí lójú dáadáa.”

Mo wò wọ́n. Wọ́n di orí mi mú, wọ́n wo ẹyinjú mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ kángun sí tiwọn lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Ó fín kòkó tán, ebi ń pa á, kò fọ ọwọ́, ó jókòó ti iṣu sísun. Wọ́n gbé e délé ni, kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. “Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé agolo yẹn síbẹ̀,” ni Yèyé wí, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. “Èmi ni.”

Wọ́n tẹ́ àpò kòkó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ajá náà lé e. Inú ilé ni.

Lọ́jọ́ kejì, ajá náà kò jẹun. Yèyé kò lọ sóko. Wọ́n ta epo pupa díẹ̀ sí i lẹ́nu, torí ohun tí àwọn mọ̀ fún májèlé nìyẹn, lẹ́yìn náà wọ́n po ògì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń fi ìka kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń dà jáde. Èmi ń nu ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé, ara gbígbọ̀n náà ti dẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dúró lára ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé orí sókè, ó sì lá ògì náà nínú ìgbákọ fúnra rẹ̀. Yèyé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá wò ó kí n tó lọ.

Bàbá mi dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó jókòó ni mo ti sọ ọ́.

“Pàpá, díẹ̀ ló kù kí n pa ajá.”

Wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi wá, wọ́n wo abẹ́ èékánná mi. Wọ́n bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, bóyá èébì ń gbé mi. Mo ní rárá.

“Kí ló dé tí o kò kàn sọ pé eégbọn yẹn ti sú ọ?”

Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọdé lè sọ irú rẹ̀ fún àgbà. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé agolo náà lọ sóko, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, wọ́n rì í.

Irun ẹ̀yìn ajá náà re. Àdín ni a fi ń pa á lójoojúmọ́, títí irun tuntun fi hù, ó sì mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí mo ṣe jókòó láti yọ eégbọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Yèyé gbé àpótí wọn, wọ́n jókòó kọjú sí mi.

“Gbé orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìwọ mú ẹsẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì là ń ṣe é. Èékánná Yèyé le ju tèmi lọ, wọn kì í sì í já orí eégbọn kù sínú awọ. Nídìí iṣẹ́ náà ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe rìn dé Ìkógòsì nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó titun, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi tó ń ti inú àpáta jáde lọ́wọ́ọ́wọ́, tí wọ́n sì fò sẹ́yìn, torí wọ́n rò pé ẹnìkan ń dáná lábẹ́ ilẹ̀. Bí Yèyé bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, ajá náà á la ojú kan, á tún pa á dé. Nígbà tí a bá tètè parí, wọ́n á ní kí n lọ fo okùn.

Ajá náà pẹ́ láyé. Mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tó kú. Ìsinmi Kérésì ni mo wá sílé, mo wo ẹ̀yìnkùlé, n kò rí i, mo rò pé ó ti lọ sóko. Yèyé jẹ́ kí n jẹun, kí n wẹ̀. Lẹ́yìn náà, a jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, a ń bó o.

“Ìwọ yìí ti lọ,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí àgbàdo ń gbó. Ó sùn ni, kò jí.”

Mo ní kí ló dé tí wọn kò ní kí Pàpá kọ lẹ́tà sí mi.

“O ń ṣe ìdánwò,” ni Yèyé wí. “Mo ní kí o kọ́kọ́ ṣe é tán.”

Mo sunkún díẹ̀. Yèyé kò ní kí n dákẹ́. Wọ́n kàn ń kó ẹ̀gúsí iwájú mi sí iwájú wọn, wọ́n ń bá mi bó o, títí mo fi nu ojú, tí mo sì na ọwọ́ gba tèmi padà.