Igbá Omi Tí A Kò Pọn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ó dá mi sí títí mo fi lè jẹ́wọ́ ìfura ilé wa láìbẹ̀rù.

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rántí: ìtọ̀ màlúù tí a dé mọ́ ìkòkò títí ó fi kan, tí ń ta sí ni nímú dé ojú. Lẹ́yìn náà ni ìró ìgbálẹ̀, fìrì, fìrì, lára ewé àgbàdo kí oòrùn tó yọ. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n fẹ́ sínú agboolé wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oko rẹ̀, tí ó bá tiwa pààlà lọ́nà ìlú Idigny. Màlúù méjì ló so sẹ́yìn ilé. Á gba ìtọ̀ wọn sínú korobá, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á fi omi là á, á sì fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ewé.

Bàbá mi jẹ́ àgbà ìjọ. Ó ní ọwọ́ ẹni tí ń wọ́n nǹkan kiri oko ní ìdájí kò lè mọ́. Ó máa ń dúró lójú ààlà gbàdúrà kí ohun náà má rékọjá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ewé àgbàdo tiwa ń pọ́n, tirẹ̀ dúdú minimini. Oko kan ṣoṣo náà la sì ní. Bí kò bá gbó, ebi ni. Nígbà tó yá, bàbá gbé ìtìjú tà, ó rán mi lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà bu ìkòkò kan fún mi. Ó ní kí a bu igbá omi mẹ́wàá la igbá kan rẹ̀, kí a sì wọ́n ọn kí oòrùn tó mú. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Bàbá wo inú ìkòkò pẹ́.

"Omi yẹn ló fẹ́ fi pa agbára rẹ̀," ó ní. "Ta ló ń fún aládùúgbò ní ojúlówó?"

Ó wọ́n ọn lógidì, lọ́sàn-án gangan, sí poro mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹta, etí ewé ti gbẹ bí ẹni pé iná kọjá níbẹ̀. Bàbá ní ìyá ti pa oko wa, òun yóò kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ìlú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó já ewé kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ lò ń pọn omi oko. Igbá mélòó lo pọn lọ́jọ́ náà?"

Mo wo bàbá. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa irọ́.

"N ò pọn ìkankan, Ìyá."

Ó yí sí bàbá. "Ọkọ mi, iyọ̀ gan-an, ṣé a máa ń bù ú jẹ bí ẹ̀kọ ni?"

Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá ló ń pọn omi, ìyá ń ka igbá sókè. Poro mẹ́ta náà kò bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n ìyókù dúdú, ó sì yọmọ.

Bàbá kò tọrọ àforíjì. Nígbà tí a se àgbàdo tútù àkọ́ká, ó ní kí n gbé e lọ fún un. Ìyá bó ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, ó wá wò mí.

"Ó yẹ kí èmi náà fura díẹ̀," ó ní, ó sì gé e jẹ.

Lónìí, pọ́ǹpù tí a fi ń wọ́n oko ni mo ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ sóko, àmọ́ mo ṣì ń ka omi sókè. Ìfura kò tíì kúrò lára mi. Inú rẹ̀ la bí mi sí. Ṣùgbọ́n bí ewé bá jó, ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí n tó wo ojú aládùúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Olúwa mú ewé oko yín dúdú, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ pe ẹni tó ń ṣe yín lóore lẹ́jọ́.