Kíkí tí Jùwọ́nlọ Kí Mi Lórí Rédíò

Ọdún mọ́kànlá ni Jùwọ́nlọ ọmọ mi fi kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́. Ó kọ nípa Àlímì Ayùn, ọ̀gá àwọn agégẹdú tó ń fipá wọ igbó onígbó ní Ogun Waterside. Ó kọ bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe sun abúlé kan lápá Àbígí, tí wọ́n sì fi ayùn gé ọwọ́ ọkùnrin kan tó dí ọ̀nà mọ́ wọn. Wọ́n ní ńṣe ni Àlímì fi ìwé náà nu epo ara ayùn rẹ̀. Ta ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì nínú igbó?

Nígbà tí ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, Jùwọ́nlọ gba iṣẹ́ ìròyìn kíkà ní iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yorùbá ló wá ń kà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Orúkọ Àlímì tó ti ń sùn nínú ìwé láti ọjọ́ yìí, àwọn ọlọ́kadà ń gbọ́ ọ ní Atikori níbi tí à ń gbé, wọ́n ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó ń ṣètò lórí rédíò máa ń kí ìyá wọn. Abibat, aládùúgbò mi, wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ mi ń ka ìròyìn bí ẹni tí wọ́n rí he. Mo bá Jùwọ́nlọ jà. Ó ní ẹni tó ń ka ìròyìn kì í kí èèyàn. Mo ní ṣé èèyàn lásán ni èmi ìyá rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti kà á tán, á ní òun kí ìyá òun ní Atikori, nílé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, kó má jẹ́ kí ẹ̀wà jóná o, torí ó mọ̀ pé bí mo bá ti ń gbọ́ òun, n kì í rántí iná. Orí mi á wú.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, àárín ìròyìn ni ọkùnrin mẹ́rin wọlé tàwọn tàdá.

"Ẹ kú ilé o, ìyá," ni aṣáájú wọn wí. "Ọmọ yín mọ ilé júwe."

Àdá àkọ́kọ́ ba Sekaráyà, bàbá Jùwọ́nlọ, léjìká. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ẹnì kan lẹ́nu, eyín já sílẹ̀. Àwọn yòókù bò ó. Mo fò mọ́ wọn, wọ́n fi ẹ̀yìn àdá gbá mi, apá mi dá. Ọ̀kan fẹ́ fọ́ rédíò.

"Má fọ́ ọ," ni aṣáájú wí. "Yí i sókè, kí bàbá gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀."

Àdá ń lọ, àdá ń bọ̀, Jùwọ́nlọ ń ka ìròyìn ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀jẹ̀ ta dé ara kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ti kú kí ọmọ tó débi ìkíni. Ẹ̀wà sì jóná lóòótọ́. Èéfín rẹ̀ ni Abibat rí tó fi sáré wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àlímì ránṣẹ́: kí Jùwọ́nlọ kà á sétí ayé pé olè ló pa bàbá òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ku ìyá. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Màámi, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá. Ṣé kí n kà á?"

"Ka orúkọ Àlímì," ni mo wí. "Kà á kó yé wọn."

Mo ti kúrò ní Atikori nígbà náà. Ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ka orúkọ Àlímì, ó ka ti bàbá tó bí Àlímì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará abúlé tí wọ́n sun ilé wọn dá Àlímì lọ́nà. Kí ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ojú kan ló kù fún un. N ò yọ̀, n ò sì bá wọn wí. Ó wà látìmọ́lé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níta.

Jùwọ́nlọ ṣì ń ka ìròyìn ní aago mẹ́rin. Tó bá kà á tán, á dákẹ́ díẹ̀, níbi tó ti máa ń kí mi, kó tó ní ó dàbọ̀. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ, n ò ní kọ ọ́ síbí.