Ife Ejìnrìn Tí Mo Pè Ní Àgbo Ibà

Ewé ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjàn, àgbàlagbà tí ó ń kó ewé wá láti Ìjàn-Èkìtì, ni ó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ ni òun fi ń wọn ewé. Agolo mílíìkì ni èmi ń lò, nítorí ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́ n óò máa ka kòkòrò ara ewé pẹ̀lú.

Àtọ̀gbẹ ń bá ọmọ mi Àdùkẹ́ jà. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tí ń mú ṣúgà wálẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo bá se ejìnrìn, ewé kíkorò tí àwọn oníbàárà mi ń yìn pé ó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Mo mọ̀ pé Àdùkẹ́ kò ní gbà láti mu ún mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ni mo bá ní àgbo ibà ni. Ife kan láràárọ̀, kí ó tó jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà wálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wálẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orin kò kúrò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àdùkẹ́ ń bá mi to ewé ní ìsọ̀. Mo ṣàdédé rí i tí ó ń to ewúro sórí efinrin. Òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pè é, ó dáhùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo fi ẹ̀rọ wo ìka rẹ̀: nọ́ńbà ti wálẹ̀ kọjá ààlà. Ìyá Ìjàn sáré mú oyin wá. Àdùkẹ́ ṣì lè gbé nǹkan mì, nítorí náà a fún un lá, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ń wo aago. Nígbà tí ó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ńbà ti ń gòkè. Ọmọ mi wò mí lójú.

"Màámi, àgbo ibà kọ́ nìyẹn, àbí?"

Mo jẹ́wọ́. Ìyá Ìjàn mi orí.

"Ẹni méjì lo fi sórí poro oko kan, o ò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn. Abẹ́rẹ́ ń roko, ejìnrìn ń roko, wọ́n bá ro iṣu mọ́ koríko."

Láti ọjọ́ náà, kí n tó mú agolo, mo máa ń béèrè oògùn tí oníbàárà ń lò nílé ìwòsàn. Tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bínú sí mi pé ejìnrìn ni òun wá rà, òun kò wá ṣe ìdánwò. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi ewé náà han dókítà rẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní dókítà ní kí òun má ṣe pa á pọ̀ mọ́ hóró oògùn òun. Efinrin ọbẹ̀ ni ó rà. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju kí ó ra odidi apẹ̀rẹ̀ ejìnrìn lọ.

Ó lé ní oṣù kan tí Àdùkẹ́ fi ń gbóòórùn omi lásán tí mo bá bù fún un, kí ó tó mu ún. N kò ráhùn. Lánàá, mo nawọ́ ife sí i níwájú oníbàárà kan, ó gbà á, ó sì gbé e mu tán láì gbóòórùn rẹ̀. Mo yára dojú kọ efinrin tí mo ń wọ̀n. Ayọ̀ mú mi gbàgbé ìwọ̀n, ewé kún kọjá etí agolo. N kò bu àlékún náà kúrò. Oníbàárà yẹn gbé gbogbo rẹ̀ lọ.