Etí Ìyá Mi àti Àwo Tó Sán

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo lọ ra àwo ní Adjamé Roxy, ọjà ńlá kan ní Abidjan. Ọmọbìnrin tó ń tajà ò tíì pé ogún ọdún. Bí mo ṣe fi èékánná gbá etí àwo kan tí mo sì gbé e sétí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mò ń pe àwo náà lórí fóònù ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohùn àwo yẹn ti gbé mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá mi wá láti Ṣakí, àwo tánganran ló sì ń tà ní ọjà yẹn kan náà. Kì í gba ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Á fi èékánná gbá a, á dijú, á tẹ́tí. Èyí tó bá dún gbọọrọ, ó dára. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá já lójijì, ó ti sán níbi tí ojú kò lè rí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń sọ èdè Júlà, tí wọ́n ń pè é ní tàńtí, ìyẹn àǹtí, kì í bá a jiyàn. Nílé wa ní àdúgbò Koumassi Remblais, bí mo bá purọ́, á ní ohùn mi ti sán, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí.

Ní ọdún 2001, mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ orin wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ kóòtù nínú ooru Abidjan, ló fi orin klásíìkì hàn wá, orin àtijọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń kọ sórí ìlà márùn-ún. Ó kọ́ wa ní fèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, pàápàá èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù: ẹni tí kò bá mọ àmì orin, ariwo lásán ló ń gbọ́. Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé ọ̀sán gangan nìyẹn. Bí orin bá ń lọ lórí rédíò, èmi ni mo máa ń dárúkọ gbogbo ohun èlò inú rẹ̀, ìyá mi á sì máa mi orí.

Ìparí ọdún dé, wọ́n pe àwọn òbí wá sí kọ́ńsẹ̀ẹ̀ tí a ó ti fọn fèrè. Ìyá mi bi mí pé ọjọ́ wo ni. Mo ro ìborùn rẹ̀ tó ti ṣá, mo ro Faransé rẹ̀ tí kò kọjá iye ọjà, ojú tì mí.

"Màámi, c'est pas la peine, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Orin àwọn tó mọ̀wé ni, kò ní yé yín."

Ó ní kò burú. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn nígbà náà.

Lọ́jọ́ náà, lọ́sàn-án, ó ku díẹ̀ kí orin wa parí, ẹ̀rù bà mí, èémí mi já, ohùn fèrè mi sì já pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó kù gbé orin lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, olùkọ́ wa pàápàá ní kò sí àṣìṣe kankan.

Mo délé, mo bá ìyá mi tó ń ṣa ìrẹsì, ẹrù àwo rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun gbọ́ ọjọ́ náà lẹ́nu òbí kan lọ́jà, òun sì dúró lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé wa títí a fi parí.

"Orin yín dùn, ó mú mi rántí ilé," ó wí. "Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn fèrè yẹn sán nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ẹ̀rù ń bà á. Ta ni ọmọ náà?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wò mí, ó tún bojú wo ìrẹsì rẹ̀. "Tóo bá rí i, sọ fún un pé mo gbọ́ fèrè rẹ̀. Kó má bẹ̀rù mọ́."

Ní 2011 ó padà sí Ṣakí, ibẹ̀ la sì sin ín sí. Lónìí, ike ti gba ọjà, ta ló sì ń gbọ́ ohùn ike? Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá dandan ni kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́ orin kó tó gbádùn klásíìkì, ẹ kọ́ ọ, ó dára kéèyàn mọ orúkọ nǹkan. Àmọ́ orúkọ ni èmi mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ló gbọ́ orin. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Níbikíbi tí fèrè bá ti dún, ó máa ń ṣe mí bíi kí n jáde lọ sẹ́yìn ọgbà, kí n sọ ohun tí n kò sọ: Màámi, èmi ni.