Iṣu Tí Ọba Kò Tíì Jẹ

Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Dagenham ní London níbí, tẹ́ ẹ ń béèrè bí ogun ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó dá a sílẹ̀ fún yín.

Ọba wa ni. Akọ̀wé kóòtù ni tẹ́lẹ̀. Títì méjì péré ni ìlú rẹ̀, àmọ́ adé onílẹ̀kẹ̀ ló wù ú, torí pé ọba ìlú kejì ní ọ̀kan. Ó sọ pé odò tó wà láàárín ìlú méjèèjì, tiwa ni. Ó kó ìbọn ṣakabùlà fáwọn ọ̀dọ́, òun jókòó sílé. Ẹnu nìkan ló fi ń jagun.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ará ìlú kejì dáná sun ọjà wa, wọ́n dí gbogbo ọ̀nà. Gàrí tán, àgbàdo tán. Iṣu tuntun wà lẹ́yìn ilé wa, ó ti ta dáadáa. Ṣùgbọ́n nílùú wa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ iṣu tuntun ṣáájú ọba.

Ìyá mi wa ọ̀kan, ó sè é fún Akin, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá bàbá mi gbé ìkòkò náà, ó dà á sí ṣáláńgá.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ebi máa pa ọmọ yìí.”

“Kábíyèsí ò ní pẹ́ jẹ ẹ́. Ṣé o ò rí èéfín láàfin ni?”

Èéfín yẹn ni wọ́n fi tàn wá. Kábíyèsí ti sá lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, nínú búùtù ọkọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló ń dáná, káwọn ọ̀dọ́ má baà ju ìbọn sílẹ̀. Akin kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí ṣọ́jà parí ìjà, ìlú dákẹ́. Kò sí adìyẹ, kò sí ẹni tó ń gún nǹkan. Ọba padà dé, ó jẹ iṣu níta gbangba, ojú ò tì í. Ó tún lo ogún ọdún lórí oyè kí wọ́n tó lé e.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà báyìí, nítòsí Heathway ní Dagenham níbí. Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbàlagbà nínú aṣọ funfun ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi ò kúnlẹ̀.

“Ọmọ ta ni ẹ́?” ló bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n Akin ni mí.”

“Akin wo?”

Mo fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Kò sí fọ́tò Akin kankan, ìyá mi sì ti kú. Mo wá ojú Akin lọ́kàn mi títí, n ò rí i mọ́.