Yàrá Bàbá Akunlé

Iṣẹ́ ilé kíkùn ni bàbá náà ṣe láti ìgbà èwe, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Bàbá Akunlé. Ilé ìfowópamọ́, ilé ẹ̀kọ́, ilé àwọn ọlọ́lá tí òdòdó kún ọgbà wọn, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kan gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Gbogbo ilé ìlú yìí ni mo ti gbé rí. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ báyìí, wọ́n á ní ó dàbọ̀."

Yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìyàwó kú, àtọ̀gbẹ ló wá bá a gbélé. Egbò yọ sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó kọ̀, kò jinná. Akunlé tí kò lè gun àkàbà mọ́, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un? Nígbà tó yá, onílé ní kó máa lọ. Ó forí lé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí ẹnì kan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, gbogbo ilé ló máa jí. Ó dágbére kí wọ́n tó lé e. Bó ṣe di ẹni tó ń sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan tí wọ́n kọ́ tì nìyẹn, tó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ bí ẹní.

Ó sọ fún mi pé bí ara òun bá ń gbóná níbẹ̀, ògiri tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà lójú òun. Á kọ́kọ́ dà bí eérú, á wá dà bí ojú sánmà lẹ́yìn òjò, á tún di pupa fòò. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á fọwọ́ lẹ́rán, á ní, "Olówó orí mi, igun tọ̀hún ṣì kù." Òun á na ọwọ́ wá búrọ́ọ̀ṣì, eruku ló máa bá.

Ọjọ́ tó dákú lójú títì ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, dókítà bi í pé, "Bàbá, ibo lẹ ó padà sí?" Ó bojú wo àjà. Egbò tí wọ́n fọ̀ tán tó tún padà sínú eruku, iṣẹ́ òfo ni. Ilé wa yìí ni wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ilé alájà mẹ́rin ni, tí wọ́n kọ́ fún àwọn aláìsàn tí kò nílé. Yàrá wà lókè, ilé ìwòsàn kékeré wà nísàlẹ̀. Bí agbára ẹnì kan bá ṣe mọ ni owó ilé rẹ̀ ṣe ń mọ. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin kan tún wà tí a ń pè ní Àǹtí Ilé, òun ló ń bá wa sáré ọ̀rọ̀ ìjọba, tó ń parí ìjà, tó ń wò ó bóyá ẹnì kan kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, alásè ilé ẹ̀kọ́ ni mí kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Yàrá mi kọjú sí ti Bàbá Akunlé gan-an.

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó dúpẹ́, àmọ́ kò sun orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń sùn sí, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, nọ́ọ̀sì á gòkè wá di egbò rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, bàbá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi. Èmi lo kúnlẹ̀ fún báyìí?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kunlé, èmi ni mo kúnlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín débi tó fi gbàgbé ìrora.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ó ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn sí. Ẹnì kan láàárín wa ní, "Ó tán nìyẹn, kí wọ́n gbé yàrá fún ẹlòmíì." Àǹtí Ilé wò ó tìyanu-tìyanu. "Bí èèyàn bá jáde nílé ara rẹ̀, ṣé ilé ò jẹ́ tirẹ̀ mọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, Àǹtí Ilé tẹ̀ lé e, èmi náà wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Kùrukùru bo ìgboro lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ń yọ síni lójijì bí ẹni pé inú wàrà ni wọ́n ti ń jáde, wọ́n á tún wọ inú rẹ̀ lọ. A bá bàbá lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ àtijọ́, ó jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Yàrá yẹn dákẹ́ jù. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, á máa ṣe mí bí ẹni pé onílé ti ń bọ̀ wá lé mi."

Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. Ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú egbò. Èmi ni mo fọhùn.

"Bó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń lé yín kiri, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n ṣí tèmi. Gbogbo ara mi ló ń rẹ̀, àfi ẹnu."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí Àǹtí Ilé. "Ṣé wọ́n gbà kéèyàn kun yàrá ara rẹ̀?"

"Wọ́n gbà, bí ẹ bá ti máa jókòó kùn ún. Mi ò fẹ́ rí àkàbà."

Orí àga ló ti kùn ún. Ó po ọ̀dà fúnra rẹ̀, búlúù kan tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ó sì kùn ún dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn mọ. Òkè ògiri ṣì funfun. Bí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, ńṣe ni yàrá náà ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí odò tí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ á rò pé omi ló mu òun dé ọrùn, omi tí kò tutù. A ní ká bá a kùn ún dókè, ó ní rárá, pé odò kì í kún dé àjà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀dà gbẹ, nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn, kò tún gbọ́ ohùn. Mo jáde wá bá a. A ti ilẹ̀kùn, a wọlé: bàbá nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà, ó ń hanrun bí ẹni ń la gẹdú. Nọ́ọ̀sì fi ìka sẹ́nu, ó fẹ̀yìn rìn jáde, ó ní òun á kọ́kọ́ lọ tọ́jú àwọn yòókù.

Díẹ̀díẹ̀ ni egbò náà pa ẹnu dé. Àtọ̀gbẹ ò lọ, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa ra aṣọ fèrèsé nílé wa tí kò ní kọ́kọ́ bi í léèrè àwọ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí i, ó gbé àga fún un, ó ní, "Jókòó, ilé mi nìyí," ó sì tún un sọ, bí ẹni pé ó dùn lẹ́nu.

Nísinsìnyí, kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gòkè wá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀. A ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú oòrùn, a ó máa jiyàn lórí àwọ̀ ìkùukùu: èmi á ní funfun ni, òun á ní mi ò mọ nǹkan kan, elésè àlùkò ni. Bí wọ́n bá pè é, á dìde lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, èmi á bá a di àyè rẹ̀ mú.